Ọkọ̀ Pupa Tó Ń Kú Lọ́nà Wáàfù

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Ní ọdún 1964 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́rì àti takisí ni mo sábà máa ń tún ṣe, àyàfi ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà pupa bí ata rodo. Kò ní òrùlé, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, ìwọ àti ewúrẹ́ ni ẹ ó jọ máa wo ara yín lójú. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún Kápútéènì Diepreye, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ tó máa ń lọ pàdé ọkọ̀ òkun lójú agbami láti fọ̀nà hàn án wọ èbúté Apapa.

Kápútéènì ì bá gbé e lọ fún àwọn òyìnbó tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Apapa, ṣùgbọ́n èmi ni ó gbé e wá fún. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Sàrátù ìyàwó mi, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, a máa sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí léèrè ẹni tí mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ yẹn tán.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àìsàn dé sí ọkọ̀ náà. Àìsàn náà rí báyìí: bí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni á dáhùn. Bí ó bá wá rìn tó bí ogún ìṣẹ́jú, tí ó dúró de ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Á ṣe gbì-gbì, á sinmi, á tún ṣe gbì, dígí iwájú á máa mì. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọn, á wúkọ́, á kú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí ènìyàn fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tán, á tún jí, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

Nínú gbogbo ibi tó wà láti Apapa dé Boundary, iwájú ṣọ́ọ̀bù Benson ni ó yàn láti kú sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Benson. Èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Raphael ní Apapa ni. Ọmọ Urhobo ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 1958, ẹnì kan gbàgbé láti dè nọ́ọ̀tì kan mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì oníbàárà, gbogbo ọ́ìlì sì dà sílẹ̀. Ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é. Benson mọ̀ ọ́n, nítorí òun náà ni. Ó ń wolẹ̀. Ọ̀gá rò pé èmi ni, ìgbátí rẹ̀ sì bà mí létí òsì, etí yẹn kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ariwo ńlá a máa wọ̀ ọ́, ohùn kékeré kì í wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bá Benson yodì. Òun náà kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ní èmi ni mo dá odì sílẹ̀, èmi ni kí n kọ́kọ́ la ẹnu. Ó di ọdún mẹ́fà. Lèmọ́mù wá láti Amukoko bẹ̀ mí, pásítọ̀ Benson náà bẹ̀ mí. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé ọjọ́ tí etí mi bá là ni ẹnu mi á là.

Ọjọ́ Ajé yẹn, bí èmi àti Kápútéènì ti ń ti ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, Benson jáde síta, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ìyàwó wa!" ó kígbe sí Sàrátù, tó ti sáré wá bá wa ti ọkọ̀. "Ẹ bá mi bi ọkọ yín o. Ṣé èyí tí kò gbọ́ràn ti dé báyìí?"

Pátákó mi ni ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Tíṣà kan ló sọ pé mo wo ìṣirò ẹlòmíràn. N kò wò ó, mo gbé síléètì mi lọ sílé, n kò sì padà síbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo kọ pátákó mi: WÀHÁBÌ MẸKÁNÍÌKÌ, KÒ SÍ ỌKỌ̀ TÍ KÒ NÍ GBỌ́RÀN.

"Sọ fún un," mo wí fún Sàrátù, "pé ọkọ̀ yìí ń gbọ́ràn. Ojú rẹ̀ ló rí tó fi dákú."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Benson náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Àbẹ̀g, ìyàwó wa, ẹ ní kó yọ pátákó yẹn. Ó ń fi tan aráàlú jẹ."

Inú bí mi. "Sọ fún un pé bí ọkọ̀ yìí kò bá dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, kó gbé àkàsọ̀ wá, kó yọ pátákó mi, kó fi dáná!"

Sàrátù wò mí, ó wo Benson. "Ṣé kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un sọ ni? Ará Boundary gbọ́. Àwọn apẹja tó wà ní Snake Island náà á ti gbọ́."

Ẹlòmíràn lè rò pé pákó lásán ni pátákó. Ní Boundary, mẹkáníìkì tí wọ́n bá yọ pátákó rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kó máa di ẹrù rẹ̀ ló kù. Awakọ̀ lọ́rì kan kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ náà, mo sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni Kápútéènì tún wá sọ pé Sátidé lòun fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé Ebiere ìyàwó òun lọ sí Ìbàdàn.

"Wàhábì, bí kò bá ní ṣe é ṣe, sọ fún mi, kí n gbé e lọ bá àwọn òyìnbó."

"Ẹ má gbé e lọ ibì kankan, sà. Á ṣe é ṣe."

Mo tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń dáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Ẹnu wọn funfun bí ẹfun, èyí tó fi hàn pé epo tó ń dé ibẹ̀ kò tó, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Kábúrétọ̀ méjì ni ọkọ̀ náà ní, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìbejì, àwọn ni wọ́n ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Mo yí síkúrù wọn kí epo lè pọ̀ sí i. Mo fọ ikùn wọn, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ihò wọn, mo fọ asẹ́ epo. Mo ṣí ìdérí táǹkì, mo tú páìpù rẹ̀ níwájú, epo sì ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Mo sítáàtì ọkọ̀. Ó dúró, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò. Mo dé táǹkì, mo wà á lọ sójú ọ̀nà Wáàfù, ìyẹn ọ̀nà èbúté, ní Apapa. Ogún ìṣẹ́jú, gbì-gbì, ó kú. Bí mo ti ṣe é ní Ìṣẹ́gun nìyẹn, bí mo ti ṣe é ní Ọjọ́rú nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá kú ni mo tún ń yí síkúrù: èyí sí ọ̀tún, ìyẹn sí òsì, títí n kò fi rántí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Sàrátù gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá Ràbíátù, kí ni ohun tó ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn?"

"Pọ́ọ̀ǹpù ni. Iná bátìrì ló ń lò. Òun ló ń fa epo láti inú táǹkì wá síwájú."

"Báwo ló ṣe máa ń ké tí ọkọ̀ bá fẹ́ kú?"

"Bó ṣe máa ń ké náà ni."

Irọ́ ni mo pa. N kò mọ bó ṣe ń ké. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ ayé ìgbà náà máa ń wà, pọ́ọ̀ǹpù sì wà lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì. Irú etí tó wà lọ́wọ́ òsì mi, mo ti sọ ọ́ fún yín.

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọṣẹ́ jókòó tì yín, kó máa bá yín gbọ́ ọ."

"Ta ni?"

Sàrátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "N kò dárúkọ ẹnì kankan o."

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Benson dé. Ó gbé àkàsọ̀ lé èjìká, ó fi òòlù há abẹ́ apá, ó sì wọ fìlà bí ẹni tó ń lọ sí ibi ayẹyẹ. Bí ogún ènìyàn tẹ̀lé e. Ó gbé àkàsọ̀ ti ògiri mi, ó tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó dúró dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa. Mo tètè dé, kí n má baà pẹ́ jù tí aago bá lù."

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Benson," ni Sàrátù wí. "Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí pé ọkọ̀ kú tàbí kò kú? Bí ọkọ mi bá dé tó ní kò kú ńkọ́? Ẹ bá a jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ fi ojú yín rí i."

Mo rò ó wò. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo rẹ́ ẹ jẹ. "Sọ fún un kó wọlé," ni mo wí. "Kó nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé."

Bí èmi àti Benson ṣe jókòó sínú ọkọ̀ oníjókòó méjì nìyẹn, orúnkún kan orúnkún, tí kálukú ń wo ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bí a ti ń kọjá ni ará Boundary ń pariwo.

"Wọ́n ti parí ìjà o!"

"A ò parí ẹ̀!" ni àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kò kúkú ba odì jẹ́, kì í ṣe ara wa la bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀nà Wáàfù, Benson tẹ orí jíà pẹ́pẹ́. "Jíà," ó wí, "o kú iṣẹ́ o. Ṣé ìwọ náà gbọ́ bí pọ́ọ̀ǹpù ṣe ń ké lẹ́yìn wa? Nígbà tí a kúrò nílé, kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni. Ó ti wá di kẹ́... kẹ́... bí arúgbó tó ń gun òkè. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí kò gbọ́ ọ ni?"

Mo wo sítíárìn. "Sítíárìn," mo wí, "bí ènìyàn bá di ẹlòmíràn létí, ṣé ó tún yẹ kó bi í pé kí ló dé tí kò gbọ́ràn?"

A rìn díẹ̀ sí i. Benson tún bá jíà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Jíà, ọjọ́ yẹn, èmi ni mo gbàgbé nọ́ọ̀tì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Ọ̀gá ló yá ju ẹnu mi lọ."

"Sítíárìn, bí ẹnu bá wúwo, ènìyàn lè na ọwọ́ sókè."

N kò mọ ohun tí ì bá tún sọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: gbì-gbì, gbì. Ó kú sí iwájú ọgbà kan tí wọ́n ti ń já ẹ̀pà kúrò nínú lọ́rì. Àwọn alábàárù sọ àpò kalẹ̀, wọ́n wá wò wá.

Benson fò bọ́ sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn, ó dẹ etí sílẹ̀. Ó di ìdérí táǹkì mú, ó yí i. Etí ọ̀tún mi gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ: fíìììì! Atẹ́gùn wọ inú táǹkì gbùrù, bí ẹni tó ti di imú rẹ̀ mú láti àárọ̀ tí wọ́n wá tú u sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í lu kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Ó yé mi kí Benson tó yí ìdérí náà padà wo inú rẹ̀. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá ń fa epo jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀, bí kò bá rí ọ̀nà wọlé, epo kò ní jáde. Ihò bín-ín-tín kan wà lára ìdérí táǹkì fún iṣẹ́ yìí. Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé tí àìsàn náà dé, Ebiere ìyàwó Kápútéènì sọ pé òórùn bẹntiróò ń bá aṣọ òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo gé rọ́bà láti ara tíúbù táyà àtijọ́, mo tẹ́ ẹ sínú ìdérí náà, ó fún pinpin, òórùn sì lọ. Èmi náà ni mo ń ṣí táǹkì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń dé e padà bí mo bá fẹ́ jáde. Èmi gan-an ni mo di ọkọ̀ náà nímú.

Mo ṣì ń gbèrò láti sọ pé òyìnbó ló fi rọ́bà náà síbẹ̀. Benson ti yọ ọ́. Ó gbé e sókè sójú oòrùn. Etí rọ́bà náà ní eyín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yí ká, bí etí aṣọ tí aránṣọ gé kó má baà tú. Sísọ́ọ̀sì eléyín Sàrátù ni mo fi gé e. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kankan ní gbogbo Èkó.

Benson wo rọ́bà, ó wò mí, ó wá jókòó sílẹ̀ lójú títì Wáàfù. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn alábàárù tí wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti fajú ro. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu èmi náà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán. Mo sítáàtì, ó jí, kò sì kú mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń gbọ̀n. Gbogbo síkúrù tí mo ti yí síwá sẹ́yìn láti Ìṣẹ́gun ni. Ọ̀kan nínú kábúrétọ̀ méjèèjì ń fa afẹ́fẹ́ bí erin, èkejì ń fà á bí eku. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

Ọ̀gá Raphael ní ọ̀nà tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ọmọ iṣẹ́ méjì ló ń gbà. Kálukú á ki ọ̀pá rọ́bà kan bọ etí, á gbé ẹnu kejì rẹ̀ sí ẹnu kábúrétọ̀ tirẹ̀. Ohùn tí kálukú bá gbọ́ ni yóò máa fi imú kùn síta, bí ó bá ga kó ga, bí ó bá lọ sílẹ̀ kó lọ sílẹ̀. Wọ́n á máa yí síkúrù títí ìkùn àwọn méjèèjì á fi di ọ̀kan. Mo mú ọ̀pá rọ́bà méjì jáde. Mo na ọ̀kan sí Benson láìwo ojú rẹ̀. Ìkùn kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Mo ki tèmi bọ etí ọ̀tún. "Hùùù," ni mo ń kùn. "Híìì," ni Benson ń kùn. Ó burú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni alábàárù kan wí, "ṣé ẹ̀ ń bẹ ọkọ̀ yìí ni?"

Benson yí síkúrù tirẹ̀ díẹ̀, mo yí tèmi. Hùùù, híìì. Lọ́rì kan fun fèrè, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti gun orí wa. Mo rí àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n gbé bùtà lọ́wọ́, wọ́n ń lọ sí Jímọ̀. Mo rántí àkàsọ̀ tó fara ti ògiri mi. Húùù. Hùùù. Ó ń sún mọ́ ọn. Benson ṣì ń yí, ó ń yí, lójijì ni ohùn méjèèjì wọnú ara wọn bí ẹni pé ihò imú kan ni a jọ ń lò. Ọwọ́ rẹ̀ sì tún ń lọ!

"Benson, dúró! Má yí i mọ́! Ó ti tó!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ́ńjìnì náà ń kùn bí ilé oyin. Alábàárù kan gbé ọsàn bíbó rẹ̀ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọsàn náà kò yí. Benson yọ rọ́bà létí díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Wàhábì ti sọ̀rọ̀!" ó kígbe sí gbogbo Wáàfù. "Ẹ bá mi gbọ́ o! Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀! Ó dárúkọ mi!"

"Iṣẹ́ ni mo bá sọ̀rọ̀!"

"Iṣẹ́ ń jẹ́ Benson?"

"Jókòó sínú ọkọ̀, jàre, Jímọ̀ ti tó!"

"Ó tún ti sọ̀rọ̀!"

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí a fi dé Boundary. Ọkọ̀ náà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń kùn jẹ́ẹ́, wọn kò sì tíì pe ìrun. Ariwo sọ. Síbẹ̀ Benson gun àkàsọ̀ náà. Ó yọ ìṣó kan lápò, ó fi òòlù kan rọ́bà eléyín náà mọ́ igun pátákó mi, lábẹ́ KÒ SÍ ỌKỌ̀ TÍ KÒ NÍ GBỌ́RÀN, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó wí, "mo rò pé ẹ̀yin lẹ ni sísọ́ọ̀sì yẹn?"

Sàrátù wo òkè, ó wò mí. Mo wọlé lọ ṣe àlùwàlá.

Lẹ́yìn ìrun, mo gé rọ́bà mìíràn sí ìdérí náà, mo fi abẹ́rẹ́ Sàrátù lu ihò kan tó ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìdérí. Kápútéènì gbé Ebiere lọ sí Ìbàdàn ní Sátidé, wọ́n sì padà ní Ọjọ́ Àìkú. Ebiere kò sọ̀rọ̀ òórùn bẹntiróò mọ́. Gèlè rẹ̀ tó fò lọ nítòsí Ṣàgámù ló ń sọ.

Pátákó mi ṣì wà níbẹ̀, rọ́bà náà sì wà lára rẹ̀. N kò yọ ọ́, kí ẹnì kan má baà sọ pé ó ń dùn mí. Bí Benson bá rí ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ méjì, á gbé e wá sọ́dọ̀ mi, àwa méjèèjì á jọ máa kùn. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni ìgbátí yẹn bà mí. Bí ó bá wá ní Ọjọ́bọ̀, Sàrátù ni kó rán sí mi.